Àmì ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn ilẹ̀kùn: bí a ṣe bá odò kékeré kan jà lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn

Ìwé ìṣirò tó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìwé rárá. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ránṣọ ló wà. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ibi tí títì àdúgbò ti gba orí odò kọjá. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá yìí ti fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà mẹ́fà sára ògiri, ó sì kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Mo dúró tì í. Ìlà tó ga jù kàn mí ní ìbàdí, 2011 ló kọ síbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e fi nǹkan bí ìka mẹ́rin péré rẹlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ òjò tó fà á kì í ṣe òjò tí ẹnikẹ́ni ń rántí orúkọ rẹ̀.

Ti 2011 kò ya ará Ìbàdàn kankan lẹ́nu. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ni. Mìlímítà 187.5 ni òjò tó rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ, afárá já káàkiri ìgboro, omi wọ ọgbà ẹranko àti ibi ìsin ẹja Yunifásítì Ìbàdàn. Òjò tó tó bẹ́ẹ̀ tó bá mu èèyàn dé ìbàdí, a ó ní ọwọ́ Ọlọ́run ni. Ìlà kejì ni kò jẹ́ kí n sùn. Òjò wákàtí kan ààbọ̀, tí kò tó ìdajì ti 2011, báwo ló ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi kan náà?

Ìyá aránṣọ ti ní ìdáhùn tirẹ̀. Ó ní, “Ẹnjiníà, òjò ò pọ̀ sí i o. Omi ló pọ̀ sí i.” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ péye ju ìwé àbọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ lọ.

Ibi tí a ti bá ọ̀rọ̀ náà

N kò ní dárúkọ àdúgbò, nítorí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ṣì ń gbé ibẹ̀, àwọn méjì nínú wọn ò sì tíì máa kí ara wọn. Odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin. Abẹ́ òkè àpáta ló ti ń sun, ó gba àárín àdúgbò mẹ́ta kọjá, ó wá bọ́ sínú odò mìíràn tó ń lọ bá odò Ọ̀nà. Ìbàdàn tó mọ̀ nípa Ògùnpa, tó sì ń fi omíyalé 31 oṣù kẹjọ 1980 ka ọjọ́ orí ọmọ, kò mọ odò tiwa yìí. Lẹ́yìn 2011, nígbà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún ètò omíyalé Ìbàdàn, àwọn odò ńlá, afárá ńlá àti ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ni ojú wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ. Àmọ́ omi inú odò ńlá, ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ló ti ń bọ̀.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, oko ni gbogbo ibẹ̀. Àkúrọ̀ ni etí odò, wọ́n ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn síbẹ̀. Ẹni tó ń dáko àkúrọ̀ kì í bá omi ṣẹjọ́. Ó mọ̀ pé omi ló ni ibẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, òun ló ni ín lóṣù kìíní. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e tà ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn tó fẹ́ rà á máa ń wá wò ó, nígbà tí mọ́tò lè wọlé. Lóṣù kejì, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fo odò náà láì gbá sáré. Wọ́n rà á, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa sí i kó lè ga, wọ́n kọ́lé. Ibi tí omi ti máa ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé ga yẹn. Omi wá lọ na ẹsẹ̀ sínú pálọ̀ ẹlòmíràn.

Ibi mẹ́ta ni títì ti gba orí odò náà kọjá. Ti àdúgbò òkè dára. Ti àárín, ríìngì kọnkéré méjì tí omi ń gba inú wọn kọjá lábẹ́ títì ni àwọn ará àdúgbò fúnra wọn dáwó gbé síbẹ̀ láyé ìgbà tí ilé ò tíì pé ogún. Ti ìsàlẹ̀, lábúlé àtijọ́ tó ti wà kí gbogbo wa tó dé, káńsù ló ṣe é.

Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àárín ló ránṣẹ́ pè wá. Owó ti wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ náà ti wà lọ́kàn wọn: kí a fi kọnkéré de odò náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí omi máa sáré kọjá. Àlàájì tó jẹ́ alága wọn sọ ọ́ fún mi lójú gbogbo ìpàdé: “Ẹnjiníà, a ò fẹ́ gírámà. Ẹ ṣáà bá wa lé omi lọ.”

Kátápílà, àti kọnkéré ẹni tó lówó

Kí wọ́n tó pè wá, wọ́n ti háyà kátápílà lóṣù kẹta. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́. Ó gbẹ́ odò jìn, ó gé etí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, ó sì kó gbogbo ẹrẹ̀ jọ sí etí odò níbẹ̀, torí pé owó típà tó máa kó o lọ kò sí nínú àdéhùn. Gbogbo èèyàn ya fọ́tò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, òjò mẹ́ta péré ti kó ẹrẹ̀ náà padà síbi tó ti wá. Etí tí wọ́n gé ṣánṣán ya, fẹ́ǹsì ilé kan bá a lọ, òpó iná kan sì dorí kodò bí ẹni ń wá owó tó bọ́.

Mo ti rí irú èyí níbi púpọ̀, n kò sì gbà pé àìmọ̀kan ni. Kíkó ẹrẹ̀ jáde jẹ́ ìdajì iṣẹ́, gbígbé e kúrò létí odò ni ìdajì tó kù. Ìdajì kejì yìí ni gbogbo èèyàn máa ń fọwọ́ pa rẹ́ nínú ìwé iye owó kí iye náà má baà dẹ́rù bani. Ká ní mo wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fọwọ́ pa á rẹ́ lójú mi náà.

Lọ́dún yẹn kan náà, àdúgbò òkè, tí ọwọ́ wọn dẹ díẹ̀, da kọnkéré sí odò náà ní ọ̀ọ́dúnrún mítà. Mo rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ dáadáa ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán. Omi tó máa ń fà láàárín koríko àti òkúta tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Omi tó máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ bọ̀ wá ń dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará òkè ò rí omíyalé mọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n sì ṣe ìdúpẹ́. Ọdún yẹn ni ìyá aránṣọ fa ìlà rẹ̀ tó ga ṣìkejì.

A sọ fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má tíì ná kọ́bọ̀ fún oṣù méjì. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ wọn. Èmi àti awọnlẹ̀ kan, pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì tó mú ọ̀pá ìwọ̀n dání, fi ẹsẹ̀ rin odò láti ìsun rẹ̀ dé àárín, à ń wọn gíga ilẹ̀ bí a ṣe ń lọ. A wo ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ara ògiri, a bi àwọn ìyàwó ilé pé orí ìgbésẹ̀ wo lómi dé. Níbi ríìngì àárín lọ̀rọ̀ ti yé wa.

Ríìngì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó gbé wọn síbẹ̀ bá àpáta pàdé, kò fẹ́ fọ́ àpáta, ó gbé wọn lé e lórí. Nítorí náà ìsàlẹ̀ ríìngì fi ogójì sẹ̀ǹtímítà ga ju ìsàlẹ̀ odò lọ. Kátápílà ì báà gbẹ́ odò dé ọ̀run àpáàdì, omi ò lè jáde àfi tó bá kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn. Páìpù omi tó ti kú láti ọdún gbọọrọ tún dábùú ẹnu rẹ̀, ó ń gba gbogbo ohun tó bá ń bọ̀ dúró. A yọ fóòmù ibùsùn méjì, ilẹ̀kùn fìríìjì kan, àti náílọ̀n píọ́wọ́tà tí a ò lè kà.

Mo ṣe ìṣirò fún wọn lórí pátákó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tó ń da omi sí ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọgọ́fà hẹ́kítà. Bí òjò bá le débi mìlímítà 80 ní wákàtí kan, tí ìdajì rẹ̀ sì di àgbàrá nítorí òrùlé páànù, íńtálọ́ọ̀kì àti ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, omi tó máa dé ẹnu ríìngì á tó kúbíìkì mítà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n ń wò mí. Mo ní, “Ẹ wo táńkì omi dúdú tó wà lókè ilé yín, ti ẹgbẹ̀rún lítà. Mẹ́tàlá irú rẹ̀ ló ń kọjá kí ẹ tó ṣẹ́jú.” Ríìngì méjèèjì, tí wọ́n bá mọ́ tónítóní, kò lè gbà ju mẹ́ta lọ. Táńkì mẹ́wàá yòókù ń wá ọ̀nà ara wọn. Láyé oko, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin òjò ló ń di àgbàrá, àkúrọ̀ á sì tún dá díẹ̀ dúró nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ti ríìngì yìí ń bojú wẹ̀yìn. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ ń wú padà sókè, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ilé tó wà ní igba mítà sẹ́yìn, tí ẹni tó ni ín rò pé odò iwájú ilé òun ló kéré. Ìdí rèé tí dída kọnkéré sí odò níbẹ̀ ò fi lè ṣe nǹkan kan. Ìyá elépo kan nínú ìpàdé ló bá mi ṣàlàyé rẹ̀: ẹni tó ń fi àrọ rọ epo sínú ìgò mọ̀ pé bó ti wù kí ẹnu àrọ fẹ̀ tó, ìdí rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, “ìdí àrọ” ni gbogbo wọn ń pe kọ́fátì náà, ìyẹn ọ̀nà omi abẹ́ títì.

Ìbéèrè Baálẹ̀

Èmi ni mo jẹ̀bi ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ ó ti rí i pé mo ní a rin odò láti ìsun dé àárín. A ò rìn ín dé ẹnu rẹ̀. Àárín ló ń sanwó fún wa, àárín la mójú tó.

A ya àwòrán bọ́kìsì kọ́fátì, ìyẹn kọ́fátì kọnkéré onígun mẹ́rin, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tó ga ní mítà méjì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ìsàlẹ̀ odò dọ́gba. Ọ̀nà omi tí kò tó mítà kan ààbọ̀ níbùú-lóròó máa di mẹ́fà. Inú gbogbo èèyàn dùn. Àlàájì fẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹnì kan, mi ò tíì mọ ẹni náà dòní, ti ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ abúlé ìsàlẹ̀, baba náà sì wá sípàdé pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó jẹ́ kí n parí. Ó wá ní:

“Ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ ní táńkì mẹ́wàá ni kò rọ́nà kọjá. Tí ẹ bá ti ṣínà fún un, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?”

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó ní, “Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa náà nílé, a sì ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé.”

Òótọ́ ni baba sọ. Títì àárín, pẹ̀lú ríìngì rẹ̀ tó dí, ti di ìdídò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ọ́mọ̀ kọ́. Omi tó ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ ni kò jẹ́ kí omi sùn lábúlé. Nígbà tí a wọn kọ́fátì káńsù nísàlẹ̀, kò lè gbà ju táńkì méje lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní a ti ṣí àárín sílẹ̀ bí a ṣe yà á, ilé mọ́kànlá àti mọ́ṣáláṣí kan ni ì bá wọ omi nísàlẹ̀, èmi ni ǹ bá sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Mo padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe ìṣirò tuntun, lọ́tẹ̀ yìí láti ìsun dé ẹnu. Ìbéèrè wa ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, à ń bi ara wa bí omi ṣe máa kọjá ní kíákíá. Ó wá di pé níbo lomi lè dúró dè wá fún wákàtí kan.

Ìṣákọ́lẹ̀

Ibì kan ṣoṣo ló kù tó lè dúró. Láàárín àdúgbò òkè àti àárín, àkúrọ̀ kan wà tí wọn ò tíì kọ́lé sí, ó ju hẹ́kítà kan lọ díẹ̀. Bí a bá fi yẹ̀pẹ̀ mọ ebè gíga kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí a fi ihò kan sílẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí omi tó ju táńkì méje lọ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, omi á tẹ́ síbẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan, á gba nǹkan bí kúbíìkì mítà ẹgbẹ̀rún méjìlá dúró. Ohun tí a nílò kò ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù, àmọ́ ó tó. Kò tó fún òjò irú ti 2011, a sì sọ ọ́ fún gbogbo ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kọ ọ́ sínú ìwé. Ebè náà ní ibi rírẹlẹ̀ kan tí a fi òkúta tẹ́, kí omi tó bá pọ̀ jù lè gba ibẹ̀ kọjá láì fọ́ ọ. Ẹnjiníà tí kò bá sọ irú òjò tí iṣẹ́ òun lè gbé, ará àdúgbò á rò pé gbogbo òjò ni.

Mọ́gàjí tó ni ilẹ̀ náà ò rẹ́rìn-ín sí wa. “Ẹ̀yin lẹ kọ́lé sójú omi. Ẹ wá ní kí n fi ilẹ̀ baba mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún omi yín.” Wọ́n ti ta pulọ́ọ̀tì méje níbẹ̀, ẹnì kan ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ẹgbẹ́ ò lówó tí wọ́n lè fi ra gbogbo rẹ̀. A lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, a jẹ obì wọn, a padà lófo.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ìyá àgbà kan nínú ilé náà, tó ṣì ń gbin ewédú níbẹ̀, ló la ọ̀rọ̀ náà. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń já ewé lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, “Omi ti ń sùn níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Mọ́gàjí. Lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Àwọn tí ẹ tà á fún, ṣé ẹ sọ fún wọn?” Ilé dákẹ́. Lóòótọ́, ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀ á padà wá bá mọ̀lẹ́bí náà, lọ́ọ̀yà á sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ìwé wa ń pè é ní “àdéhùn lílo ilẹ̀ fún ìdádúró omi òjò”, ọ̀rọ̀ náà ò sì wọ ẹnikẹ́ni létí. Ọ̀dọ́ kan nínú mọ̀lẹ́bí ní, “Ṣé ìṣákọ́lẹ̀ lẹ ń sọ ni?” Òun gan-an ni. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwọn, àwọn tó ń dáko níbẹ̀ á máa dáko wọn, ẹnikẹ́ni ò ní kọ́lé síbẹ̀, àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí baba ńlá wọn ti ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ omi. Lọ́ọ̀yà kọ ọ́, káńsù ní ẹ̀dà rẹ̀. Márùn-ún nínú àwọn tó ti ra ilẹ̀ gba pulọ́ọ̀tì mìíràn lókè. Méjì kọ̀. Ìpìlẹ̀ ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀, koríko ti bò ó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àdúgbò òkè náà ń san. Ìjà ńlá ni kí wọ́n tó gbà, torí ilé wọn gbẹ, wọn ò rí ohun tó kàn wọ́n. Mo mú Àlàájì àti alága òkè lọ sórí afárá wọn lọ́jọ́ òjò kan, agbòjò lọ́wọ́ wa, a wo bí omi ṣe ń fò jáde lẹ́nu kọnkéré tí wọ́n da. Mi ò sọ nǹkan kan. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbà láti san ìdá mẹ́ta.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ètò iṣẹ́ wá dúró báyìí: kọ́fátì ìsàlẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fọ ẹnu rẹ̀ mọ́, kí a sì tún ọ̀nà omi ibẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ebè àkúrọ̀, kọ́fátì àárín la ó ṣe kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi àárín ṣíwájú, ó ti da omi sílé ẹlòmíràn fún òjò kan ó kéré tán.

Gbogbo èèyàn gbà, àfi ìgbà tí ọdún ìbò dé. Olóṣèlú kan ní òun á ṣe bọ́kìsì kọ́fátì àárín lọ́fẹ̀ẹ́, lójú ẹsẹ̀, kí pátákó òun ṣáà wà lẹ́bàá títì. Ẹ má fi Àlàájì ṣẹ̀sín tó bá wù ú láti gbà. Omi ti wọ ilé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A bẹ olóṣèlú náà pé kó fi owó yẹn ṣe ìsàlẹ̀. Ó lọ wo ibẹ̀, ó rí i pé ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán ni, kò sẹ́ni tó máa rí pátákó. A ò rí i mọ́.

Ìpinnu yẹn ná wa ní ọdún kan gbáko. Omi tún wọ àárín lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan ní ẹnjiníà ló ń gba abẹ́ tábìlì lọ́wọ́ abúlé, ìdajì lándílọ́ọ̀dù ò sanwó oṣù mọ́. Baálẹ̀ ló gbà wá. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ abúlé jáde fún Sátidé mẹ́rin, wọ́n fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ ẹnu kọ́fátì wọn, wọ́n sì gbé e lọ sí oko. Nígbà tí àárín gbọ́ pé abúlé ti ṣe tiwọn, ojú tì wọ́n, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Àṣìṣe mi kejì wà lára ebè. Mo ní kí wọ́n fi irin ṣe ààbò sẹ́nu ihò, kí ìdọ̀tí má baà dí i. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni mo fi sáàárín irin kan sí èkejì, mo sì gbé e dúró ṣánṣán. Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé lálẹ́ ọjọ́ kan, náílọ̀n lẹ̀ mọ́ irin náà bí ẹní gbé aṣọ sá sórí rẹ̀, ihò dí pátápátá. Omi gba orí òkúta kọjá láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ká ní a ò fi òkúta tẹ́ ibẹ̀ ni, ebè ì bá ti lọ. A tún un ṣe: irin tó dagun sẹ́yìn kí ìdọ̀tí lè máa gun òkè bí omi ṣe ń ga, àlàfo tó ju ilọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, àti ibi tí èèyàn lè dúró sí láti fi ráki fà á láì tẹ omi. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ń gba owó lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lóṣooṣù. Ẹni tó ń gba owó oṣù á retí kí òjò dá. Ẹni tó ń gba owó òjò á ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ojú ọjọ́, àti NIHSA, èyí tó ń mójú tó omi odò, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò àti omíyalé ọdún jáde. Wọn ò lè dárúkọ odò tó kéré bíi tiwa, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé òjò máa bẹ̀rẹ̀ la fi ń mú ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò máa jáde kó gọ́tà. Ó rọrùn láti fi ìwé ìjọba pe ìpàdé ju kéèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ pè é lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀

Bọ́kìsì kọ́fátì àárín parí lóṣù kẹrin ọdún kẹta. Lóṣù kẹsàn-án, òjò kan rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Àkúrọ̀ kún dé nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì sí orí òkúta, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nísàlẹ̀, Baálẹ̀ jókòó síta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń tan iná sí ọ̀pá tí a kun ní pupa àti funfun. Omi ò kọjá ibi funfun kejì. Ní àárín, ó dé ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ, kò wọlé.

Ilé kan ṣì wọ omi. Kò ti odò wá. Wọ́n ti gbé títì iwájú ilé náà ga nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, gọ́tà rẹ̀ sì ń dà sínú ọgbà rẹ̀. Onílé náà ń sọ fún gbogbo èèyàn pé iṣẹ́ wa ò ṣiṣẹ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ìyá àgbà elewédú pàdánù ebè ewédú mẹ́fà lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ san án padà fún un látinú owó ìṣákọ́lẹ̀, lẹ́yìn àríyànjiyàn.

Lóṣù kọkànlá, mo ya sí ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ láti gba ṣòkòtò kan. Ó ti kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ewéko, ó fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìkùn, ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbẹ̀. Máṣíìnì rẹ̀ ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó fi gbé e ga láti 2011, ó sì ń na ẹsẹ̀ kó tó lè tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Mà, ẹ lè gbé e sílẹ̀ báyìí.”

Ó gé òwú ẹnu abẹ́rẹ́ pẹ̀lú eyín, ó wo òkè, ó wo mí.

“Ẹ jẹ́ ká rí òjò ọdún mẹ́ta ná.”